Ọkùnrin Tó Fẹ́ Wọn Gbogbo Ìlú

"Màmá, nígbà wo lèèyàn máa ń dàgbà tán?"

Ọmọ mi obìnrin ló bi mí bẹ́ẹ̀, níbi tí mo ti ń wá ẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ kejì lábẹ́ àga. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Kílódé là ń pè é nílé, nítorí pé ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ kì í ṣe "màmá," kì í ṣe "bàbá." "Kí ló dé?" ni. Mo ní kó lọ bi bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló ń tún kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ṣe fún gbogbo àdúgbò wa. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì wà lẹ́nu rẹ̀, ó fi ojú júwe ìyá rẹ̀. Ìyá ọkọ mi, tó ti pé ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, ronú sí i dáadáa.

"Ọmọ mi," ni wọ́n wí, "mi ò tíì débẹ̀. Bí mo bá débẹ̀, màá ránṣẹ́ sí ẹ."

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Nílé tí orí bá ti pé, ibẹ̀ ló máa ń parí sí. Ṣùgbọ́n Kílódé gbé ìbéèrè náà lọ sílé ìwé. Olùkọ́ rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n, ọ̀gá ilé ìwé kò mọ̀ ọ́n. Òfin sì wà pé ìbéèrè tí ọ̀gá ilé ìwé kò bá mọ̀ kò gbọdọ̀ sun ilé ìwé mọ́jú. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n lu òǹtẹ̀ lù ú, wọ́n fi ránṣẹ́ sí ìjọba. Àwọn ará ibẹ̀ yí i síwájú yí i sẹ́yìn. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ dídàgbà ni, ohun tó bá ń dàgbà ń ga, ohun tó bá ń ga, wíwọ̀n ló ń fẹ́. Báyìí ni ìbéèrè ọmọ mi ṣe balẹ̀ sórí tábìlì Ọ̀gá Àgbà Ilé-iṣẹ́ Òṣùwọ̀n.

Ẹ lè bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ọ́fíìsì ìjọba. Àbúrò ọkọ mi obìnrin ló ń tẹ̀wé níbẹ̀. Mo fi ọdún mẹ́jọ jù ú lọ, àmọ́ èmi ni mo bá a nílé, nítorí náà Àǹtí ni mò ń pè é, òun náà sì ń pè mí ní ìyàwó wa. Èyí tí Àǹtí bá rí, ó máa ń sọ fún mi. Èyí tí kò bá rí, mo mọ ọkùnrin náà débi pé mo lè rí i láti ibi ìdáná mi.

Iṣẹ́ tó wúlò ni iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà. Wọ́n ń lọ láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù láti wò ó bóyá kílò ṣúgà kan pé kílò kan, bóyá rúlà àwọn aláṣọ kò kúrú. Ṣùgbọ́n ó ti pé ọdún mọ́kànlá tí ohun kan ti ń jẹ Ọ̀gá Àgbà lọ́kàn: bí wọ́n bá pe àwọn ọ̀gá ìjọba sí ìpàdé, ẹ̀yìn ọ̀gá àwọn tó ń gbá títì ni wọ́n máa ń fi í sí. Ó ka ìbéèrè ọmọ mi lẹ́ẹ̀mẹta. Àǹtí ní ṣe ni etí rẹ̀ pọ́n.

"Atẹ̀wé, jókòó. Lónìí yìí, ìran ọmọ ènìyàn ti ránṣẹ́ pè mí."

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni, sà. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni."

"Ìran ọmọ ènìyàn lápapọ̀," ló tún un sọ. "Kọ ọ́ sílẹ̀: ẹni tó bá lè wọn ṣúgà lè wọn èèyàn."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ti ara rẹ̀ mọ́lé. Nígbà tó jáde, ó gbé Àkàbà Òye Ọmọ Ènìyàn jáde, onípele mẹ́sàn-án, fún ẹ̀ka ọgọ́fà. Kò sí ohun tí èèyàn ń ṣe láyé tí kò sí nínú rẹ̀: rírìn, sísín, kíkí èèyàn, gbígbé omi kaná, títọrọ àforíjì, ṣíṣí ilẹ̀kùn, bíbá ọkọ ẹni jà. Ẹni tó bá wà ní ìpele kìn-ín-ní, Kòmọ̀kan lorúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá dé ìpele kẹrin, Óńgbìyànjú ni. Ẹni tó bá wà lókè pátápátá ní ìpele kẹsàn-án ni Ómọ̀ọ́ntán, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ṣàṣìṣe mọ́. Ẹnì kan péré ló jẹ́ Ómọ̀ọ́ntán nínú gbogbo ẹ̀ka ọgọ́fà. Mi ò ní í fàbùkù kan ọgbọ́n yín nípa sísọ ẹni náà fún yín.

Olú-iléeṣẹ́ ìjọba buwọ́ lu ìwé náà láìkà á, nítorí pé ó nípọn. Láti ọjọ́ náà lọ ni gbogbo ìlú ti ń pe Ọ̀gá Àgbà ní Ọ̀gá Alákàbà.

Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń kí ọkùnrin yìí láràárọ̀. Gbogbo òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ dúró lórí àtẹ̀gùn ilé-iṣẹ́, kálukú lórí ìpele tirẹ̀. Àtẹ̀gùn náà kò sì ju méje lọ. Igbákejì Ọ̀gá, tó wà ní ìpele kẹjọ, ń dúró lórí àpótí. Ọ̀gá Alákàbà fúnra rẹ̀ ń dúró lórí àga tí wọ́n gbé ka orí tábìlì, orí rẹ̀ ń kan àjà, ọrùn rẹ̀ wá wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bíi ti adìyẹ tó ń gbọ́ ìró òjò. Ọ̀já aláwọ̀ mẹ́sàn-án wà láyà rẹ̀. Igbákejì á wá gbóhùn sókè.

"Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀ kí ìmọ̀ tó mọ ara rẹ̀!"

"Ẹ bá wa mọ̀ ọ́n!" ni àwọn tó kù á wí.

"Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà kí wọ́n tó bí yín!"

"Ẹ bá wa dàgbà!"

"Ẹ̀yin tí ẹ kò nílò láti ronú mọ́!"

Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ló dùn mọ́ Ọ̀gá jù. Ó máa ń ní kí wọ́n tún un sọ.

Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ìlú láti ojúlé dé ojúlé. Ọkùnrin kan tó gbé báàgì àti fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ dé ọ̀dọ̀ wa lọ́jọ́ Ajé kan. Ìyá ọkọ mi ló kọ́kọ́ bá lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ káàárọ̀, màmá. Mo wá wọ̀n yín."

"Aṣọ lo fẹ́ rán fún mi?"

"Rárá o, màmá. Òye yín ni."

"Ṣé o ti wọn ti ìyá ẹ?"

Ọkùnrin náà wo bàtà rẹ̀. "Wọn... wọn ò sí nílé lọ́jọ́ tí a débẹ̀."

"Tí wọ́n bá ti dé, ọ̀dọ̀ wọn ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Mi ò lọ ibì kankan." Wọ́n wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Bí Màmá, ìyá ọkọ mi, kò ṣe ní káàdì ìpele tí wọ́n ń fún ẹni tí wọ́n bá wọ̀n nìyẹn, àwọn nìkan ní gbogbo ìlú.

Ọkùnrin náà mú àgádágodo kan tó há jáde nínú báàgì rẹ̀, ó gbé e fún ọkọ mi. Kí ó tó mí lẹ́ẹ̀mejì, ọkọ mi ti ṣí i, ó ti fi epo sí i, ó ti dá a padà fún un. Ọkùnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀: ẹ̀ka kọ́kọ́rọ́ àti ilẹ̀kùn, Kòmọ̀kan.

"Mo mà ṣí i," ni ọkọ mi wí.

"Ẹ ṣí i lóòótọ́, bọ̀dá. Àmọ́ ìpele kejì lèmi fúnra mi wà. Ṣé kí n wá gbé yín sí ẹ̀gbẹ́ mi ni? Kí ni màá sọ fún ọ̀gá mi? Ìpele kẹta lòun náà wà."

Ibí gan-an ni ìṣòro ti wá, kí ẹ fi í sọ́kàn. Òfin ní ẹni tó bá ga ló ń wọn ẹni tó bá kéré. Kò sì sí ẹni tó fẹ́ kí ẹni tí òun wọ̀n bá òun dọ́gba. Nítorí náà kálukú ń tẹ ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tí yóò fi dé ọ̀dọ̀ àwa ará ìlú, kò sí ibòmíràn tí wọ́n lè gbé wa sí. Nọ́ọ̀sì tó ti gbẹ̀bí fún igba obìnrin, Kòmọ̀kan. Ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì, Kòmọ̀kan. Èmi náà, nínú ẹ̀ka ọmọ títọ́, Kòmọ̀kan. Mi ò jà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fura.

Ó wá kan Kílódé.

"Bí omi bá ń hó lórí iná, kí ni wàá ṣe?"

"Omi kí ni?"

"Omi lásán."

"Ta ló gbé e kaná?"

"Kò sẹ́ni tó gbé e kaná."

"Báwo ló ṣe wá ń hó?"

Ọkùnrin náà nu òógùn ojú. Ìwé ìlànà rẹ̀ ní ẹni tó bá ń béèrè kò tíì mọ̀, nítorí náà ìbéèrè kan á mú èèyàn sọ̀ kalẹ̀ ní ìpele kan. Ìbéèrè mọ́kànlélógójì ni ọmọ mi bi í kó tó kúrò nílé wa. Ó ní láti fa ẹsẹ̀ àkàbà tí wọ́n yà sórí fọ́ọ̀mù náà gùn dé etí ìwé, ó yí ìwé padà, ó sì ń fà á lọ lẹ́yìn rẹ̀. Kílódé dúró tì í, ó ń bá a kà á, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé inú ilẹ̀ lẹ̀ ń gbé mi lọ?"

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ ni lẹ́tà dé. Ọmọ tí òye rẹ̀ bá sọ̀ kọjá ìpele kìn-ín-ní, Ilé Ìgbéga ni wọn ó mú un lọ. Ọdún mẹ́ta ni yóò lò níbẹ̀. Òbí lè rí i lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, láti ojú fèrèsé. Ìbéèrè kò gbọdọ̀ wọ ọgbà náà. Bọ́ọ̀sì ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ẹ̀bẹ̀, Ọ̀gá Àgbà nìkan ló lè gbọ́ ọ, kí bọ́ọ̀sì tó lọ.

Mo di ẹrù rẹ̀. Mo ká síńgílẹ́ẹ̀tì mẹ́fà, mo tú wọn, mo tún wọn ká. Ọmọ tó ṣì ń fẹ́ kí n di òun lọ́wọ́ mú bó bá fẹ́ sùn ni mò ń di ẹrù ọdún mẹ́ta fún.

"Màmá, kí ló dé tí ẹ ń ká èyí kan náà léraléra?"

"Kò ká dáadáa ni."

"Ó ká dáadáa."

"Kílódé, jọ̀ọ́."

Nígbà tí ọjọ́ Ẹtì pé, gbogbo wa jáde nílé láago mẹ́wàá láti lọ bẹ Ọ̀gá: èmi, ọkọ mi, Màmá, Kílódé àti báàgì rẹ̀. Nígbà tí a dé etí títì, a bá gbogbo ìlú níbẹ̀. Òfin tuntun ti jáde láàárọ̀ ọjọ́ náà pé ẹni tó bá jẹ́ Kòmọ̀kan nínú ẹ̀ka rírìn kò gbọdọ̀ sọdá títì àfi bí Óńgbìyànjú kan bá dì í lọ́wọ́ mú. Àwa tí a wà létí títì lápá ọ̀tún ń wo àwọn tó wà lápá òsì. Aago iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ti kọjá. Ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì gbé àwo búrẹ́dì lérí, ó ti ń ta á níbẹ̀ fún àwọn tí ebi ń pa. Ọkọ̀ kankan kò sì kọjá, nítorí àwọn awakọ̀ náà ń wá ẹni tí yóò di àwọn lọ́wọ́ mú.

"Kí lẹ̀ ń dúró dè?" ni Màmá béèrè.

"Óńgbìyànjú ni, màmá," ni nọ́ọ̀sì dáhùn. "Wọ́n ní ẹnì kan wà ní òpópónà kejì."

"Èmi ò ní káàdì. Kò sí ìwé tó ní kí n má sọdá. Ẹ mú ọwọ́ wá."

Bí Màmá ṣe fà wá sọdá nìyẹn. Èmi di ọwọ́ wọn mú, nọ́ọ̀sì di tèmi mú, alábúrẹ́dì di ti nọ́ọ̀sì mú, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí àwọn èèyàn fi gùn bí okùn dé ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ òṣùwọ̀n. Ọ̀pọ̀ wọn ò tilẹ̀ ní nǹkan kan í ṣe níbẹ̀. Wọ́n kàn ń bẹ̀rù láti jáwọ́ ni.

Ìdárúdàpọ̀ la bá nínú ilé-iṣẹ́ náà. Wọ́n ti tún ara wọn wọ̀n láàárọ̀ ọjọ́ náà, Igbákejì sì ti tẹ gbogbo àwọn tó kù mọ́lẹ̀ kí ìpele kẹjọ má baà bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Òṣìṣẹ́ mẹ́tàdínlógójì ló fún mọ́ra lórí àtẹ̀gùn kan ṣoṣo. Ọkùnrin tó máa ń ṣí ilẹ̀kùn fún Ọ̀gá ti di Kòmọ̀kan nínú ẹ̀ka ilẹ̀kùn, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́. Ẹni tó ń pààrọ̀ gílóòbù náà ti di Kòmọ̀kan nínú ẹ̀ka iná. Ìgbọ̀nsẹ̀ wá gbọ̀n Ọ̀gá Alákàbà. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mọ́kànlá, òun nìkan ló dá lọ. Ó fi ìdí ti ilẹ̀kùn wọlé, ó fi ìdí tì í padà. Kò sí iná níbẹ̀. Nígbà tó ṣe tán, kò lè jáde mọ́.

Ó ti tó wákàtí méjì tó ti wà níbẹ̀ nígbà tí a dé. Igbákejì dúró níwájú ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà, ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn.

"Ẹ̀yin ò ṣe ṣí i, sà?" ni ọkọ mi béèrè. "Ìpele kẹjọ lẹ wà."

"Ṣé orí ẹ pé ṣá?" ni Igbákejì sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ilẹ̀kùn tí ìpele kẹsàn-án kò lè ṣí, kí èmi ìpele kẹjọ wá ṣí i? Ìpele kẹwàá ni wọ́n máa sọ pé mo wà. Ṣé o fẹ́ kí n gbàjọba ni?"

Ohùn Ọ̀gá wá láti inú òkùnkùn. "Ta ló wà níta níbẹ̀ yẹn?"

"Atún-kọ́kọ́rọ́-ṣe ni, sà."

"Ọpẹ́ o! Ṣí ilẹ̀kùn yìí!"

Mo wo ọkọ mi. Ó yọ káàdì rẹ̀ jáde lápò, ó kà á sókè bí ọmọ ilé ìwé. "Ẹ̀ka kọ́kọ́rọ́ àti ilẹ̀kùn: Kòmọ̀kan. Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí i, sà."

Ọ̀gá wúkọ́ nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà. Ó ní, "Mi ò há síbí. Mo yàn láti wà níbí ni. Ọlọ́gbọ́n máa ń dá wà."

"Ẹ bá wa dá wà!" ni àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́tàdínlógójì dáhùn.

Àǹtí fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi. "Ìyàwó wa, sọ̀rọ̀. Aago mẹ́ta ti lù."

Mo kúnlẹ̀ síwájú ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ká má tan ara wa, bí wọ́n bá ní kí n dọ̀bálẹ̀ fún ìkòkò, ǹ bá dọ̀bálẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo ní, "Ẹ dákun, sà, ọmọ kan ṣoṣo tí mo ní nìyí. Kò ya òmùgọ̀. Ó kàn fẹ́ mọ̀ ni. Bí ẹ bá ní kí ó má béèrè mọ́, mo... mo máa gbìyànjú. Ẹ jẹ́ kó máa sun ilé."

Mo gbọ́ tí ó mí kanlẹ̀ nínú. Mo ti fẹ́ máa rò pé àánú ń ṣe é.

"Obìnrin," ni ohùn náà wí, "ẹkún rẹ wà ní ìpele kejì. Ẹkún ìpele kẹsàn-án kì í lómi. Èmi tí mo ti pín ìran ènìyàn sí ìsọ̀rí, èmi tí mo mọ ibi tí ẹ̀rín ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí sísín parí sí, ṣé nítorí ọmọ kan ni màá ṣe ba àkàbà jẹ́? Atẹ̀wé! Fi fọ́ọ̀mù náà gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Òǹtẹ̀ mi wà lápò mi."

Àǹtí mú fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń rán ọmọ lọ sí Ilé Ìgbéga jáde. Fọ́ọ̀mù náà ní àpótí méjì: ti òkè fún ẹni tó ń lọ, ti ìsàlẹ̀ fún ẹni tó fi í ránṣẹ́. Orúkọ ọmọ mi kò tíì sí níbẹ̀. Òfin ní a kò gbọdọ̀ kọ orúkọ ẹni tó ń lọ kí Ọ̀gá tó fọwọ́ sí i, kí ó má baà dà bíi pé ẹnì kan ti mọ èrò Ọ̀gá kó tó rò ó.

"Sà, òkùnkùn ṣú níbẹ̀. Ṣé kí n tan tọ́ọ̀ṣì gba abẹ́ ilẹ̀kùn?"

"Tọ́ọ̀ṣì? Ómọ̀ọ́ntán kì í wá iná kó tó fọwọ́ sí ìwé!"

Bó ṣe ń kọ̀wé lọ́wọ́ ni obìnrin kúkúrú kan wọlé, bàtà rẹ̀ wà lọ́wọ́, eruku bo ẹsẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún. Olùbẹ̀wò láti olú-iléeṣẹ́ ìjọba ni, tó wá wo ìdí tí ẹnikẹ́ni ò fi wọn ṣúgà mọ́. Ó ti fi ọkọ̀ sílẹ̀ ní ìdajì ọ̀nà nítorí awakọ̀ rẹ̀ ò rẹ́ni dì í lọ́wọ́ mú. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì Ilé Ìgbéga, tí bọ́ọ̀sì rẹ̀ ti wà níta láti àná, tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ó ń wo aago.

"Ọ̀gá yín dà?" ni olùbẹ̀wò béèrè.

Gbogbo ọwọ́ nà sí ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

"Kí ló ń ṣe níbẹ̀?"

"Ó ń dá wà, mà," ni Igbákejì wí.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti aago kan, mà."

Olùbẹ̀wò fẹ́ sọ̀rọ̀, àmọ́ Màmá ti dìde lórí ìjókòó. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi ẹsẹ̀ kan lé èkejì. "Ẹ dákun, ẹ yà fún mi," ni wọ́n wí. "Ẹ̀yin lẹ lè máa dúró ṣe ìjọba. Èmi, ìtọ̀ ń gbọ̀n mí." Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ ti ilẹ̀kùn náà. Ó ṣí wọ inú wẹ́rẹ́, ó gbá Ọ̀gá Alákàbà níwájú orí, Ọ̀gá sì fìdí jókòó sórí ohun tó yẹ kí èèyàn jókòó lé nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Wákàtí mẹ́ta gbáko ló fi ń ti ilẹ̀kùn tó yẹ kó fà.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń bẹ̀rù pé ẹ̀rín náà á ní ìpele.

"Jáde kí n wọlé, ọmọ mi," ni Màmá wí, wọ́n fa ọwọ́ rẹ̀ jáde jẹ́jẹ́, wọ́n wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Ọ̀gá tún ọ̀já rẹ̀ tò, ó na fọ́ọ̀mù náà síta. "A ti parí ẹjọ́ náà," ló wí. "Ẹ mú ọmọ náà lọ."

Mo gbé Kílódé mọ́ra débi tó fi ní mò ń fún òun pa. Awakọ̀ gba fọ́ọ̀mù náà, ó wò ó, ó yí i, ó tún wò ó, ó wá gbé e fún olùbẹ̀wò. Olùbẹ̀wò kà á sókè. Ẹ mọ̀ pé ọkùnrin yìí ní oyè púpọ̀. Nínú òkùnkùn, ó ti bẹ̀rẹ̀ láti àpótí òkè: orúkọ rẹ̀, Ọ̀gá Àgbà, Baba Àkàbà, Òpó Òye, Ómọ̀ọ́ntán ní Ẹ̀ka Ọgọ́fà. Oyè náà kún àpótí òkè, ó ṣàn wọ ti ìsàlẹ̀, ọkùnrin náà sì lu òǹtẹ̀ sí méjèèjì.

"Ẹni tó ń lọ," ni olùbẹ̀wò wí, "ìwọ. Ẹni tó fi í ránṣẹ́, ìwọ."

"Àṣìṣe ni!" ni Ọ̀gá kígbe.

"Ìpele wo ló ń ṣàṣìṣe?"

Ẹ bá mi wò ó. Bó bá ní àṣìṣe ni, a jẹ́ pé kì í ṣe Ómọ̀ọ́ntán, kò sì lágbára láti fi ọmọ ẹnikẹ́ni ránṣẹ́ síbì kankan. Bí kì í bá ṣe àṣìṣe, kó máa bá bọ́ọ̀sì lọ. Mo rí i bó ṣe ń gun àkàbà náà tó ń sọ̀ lójú ara rẹ̀. Ó na àyà.

"Èmi kì í ṣàṣìṣe," ló wí.

"Mo gbọ́," ni olùbẹ̀wò wí. "Awakọ̀, ẹnì kan ni wọ́n ní kí o gbé?"

"Ẹnì kan péré ni, mà. Aago mẹ́rin sì ti lù."

Igbákejì ti yí ojú sí olùbẹ̀wò kí wọ́n tó mú Ọ̀gá dé ẹnu ọ̀nà. "Ẹ̀yin tí ẹ fi ẹsẹ̀ lásán rìn wá kí ọ̀nà tó..."

"Ìwọ," ni olùbẹ̀wò dá a lẹ́nu, "ṣúgà wà ní ṣọ́ọ̀bù tí wọn ò tíì wọ̀n láti oṣù mẹ́ta. Lọ mú òṣùwọ̀n. Kí ẹ̀yin tó kù fa gbogbo káàdì wọ̀nyẹn ya."

Wọ́n gbé Ọ̀gá wọ bọ́ọ̀sì. Kò sí ẹni tó kí i, kò sí ẹni tó bá a dáhùn ohunkóhun. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé lórí ìjókòó ọmọdé, orúnkún rẹ̀ kan àgbọ̀n. Kí n tó mọ̀, Kílódé ti já mọ́ mi lọ́wọ́, ó ti dúró sísàlẹ̀ fèrèsé náà.

"Bàbá, ta ló máa wá wò yín níbẹ̀?"

Mo rí ojú rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó ronú. Bọ́ọ̀sì náà lọ, ó ṣì ń ronú.

Ilé ò tètè sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Àǹtí wá sun ọ̀dọ̀ wa, ó ń fi ohùn Igbákejì ṣeré láti iyàrá títí dé ibi ìdáná. Màmá ní kí wọ́n jọ̀wọ́ sọ fún àwọn bóyá ọ̀gá lẹni tí àwọn fi ilẹ̀kùn gbá, nítorí pé àwọn ò rí i dáadáa, ohun tó ń gbọ̀n àwọn lójú àwọn ń wò. Ẹ̀yìn gbogbo rẹ̀ ni ọkọ mi wá sọ̀rọ̀.

"Èmi ni mo gbé ilẹ̀kùn yẹn síbẹ̀ lọ́dún méjì sẹ́yìn."

"Bàbá Kílódé! O mọ̀ pé ṣe ló kàn yẹ kó fà á?"

"Mo mọ̀. Mo rò pé tó bá pẹ́ títí níbẹ̀, bọ́ọ̀sì á lọ."

"O sì ń wò mí tí mo ń kúnlẹ̀ fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀!"

"Ìyàwó mi, tí mo bá ti wò ẹ́ lójú, ǹ bá ṣí i."

Mo fi ìrọ̀rí lù ú. Màmá bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín náà fi di ìwúkọ́, tí ìwúkọ́ náà fi di ìhanrun. Àǹtí sùn lọ níbi tó ti ń sọ̀rọ̀. Ọkọ mi sùn pẹ̀lú irin kọ́kọ́rọ́ lápò. Mo tú báàgì ọmọ mi, mo kó síńgílẹ́ẹ̀tì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà padà sínú àpótí aṣọ, láìká wọn. Kílódé ṣì la ojú.

"Màmá, ṣé ilẹ̀kùn tó wà níbẹ̀, ti fífà ni àbí ti títì?"

"Mi ò mọ̀, ọmọ mi."

"Ẹ jẹ́ ká kọ lẹ́tà sí i. Ká sọ fún un kó gbìyànjú méjèèjì."

"A máa kọ ọ́ lọ́la."

Ó na ọwọ́ sí mi, mo dì í mú. Ó tún la ẹnu láti béèrè ohun mìíràn, oorun sì gbé e lọ lórí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Mo fi etí sí èémí wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ku tèmi nìkan. Lẹ́yìn náà, èmi náà sùn.